Ibà Kọ́ Ló Ń Ṣe Tẹniọlá

Ọjọ́rú ni ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ níbi iṣẹ́ wa ní Ìkòròdú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ariwo ń gbé, ẹ wá lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Láti aago méje làwọn ìyá á ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ kan ń ké, òmíràn ń mu ọmú, ẹnì kan ń bínú pé wọ́n gba iwájú òun.

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Morìnsọ́lá lorúkọ mi, àmọ́ "Nọ́ọ̀sì Oníjà" ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn. Wọ́n rò pé mi ò gbọ́. Mo gbọ́ o, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ò yẹ mí. Síbẹ̀ mo máa sọ ọ́, torí ẹni tó ń la àwọn èèyàn lọ́yẹ̀ tí kò lè sọ àṣìṣe tirẹ̀, irọ́ ló ń pa.

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, abiyamọ tuntun kan wọlé wá pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Tẹniọlá lorúkọ abiyamọ náà. Aránṣọ ni, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Yasir, àkọ́bí rẹ̀, pé ọjọ́ mọ́kànlá láyé lọ́jọ́ náà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Alhaja Fàlílátù tó ń ta aṣọ ọmọdé nítòsí Gárèèjì. Èmi àti Fàlílátù jọ ṣe kékeré ní Lásúnwọ̀n ni, a jọ pọn omi, a jọ jẹ ẹgba níléèwé. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń pè é ní Alhaja tó bá ku àwa méjì.

"Báwo lara ìyá ọmọ?" mo bi Tẹniọlá.

"Ibà díẹ̀ ló ń ṣe é," Fàlílátù dáhùn.

"Ṣé o ń rí oorun sùn?"

"Ó ń sùn," Fàlílátù tún dáhùn.

"Ọmú ńkọ́? Ṣé ó ń wá dáadáa?"

"Ó ń wá bí omi ẹ̀rọ," Fàlílátù ní.

Fáànù òkè ni Tẹniọlá ń wò, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí iná lásìkò yẹn, fáànù náà ò yí rárá. Nígbà tí mo gbé ọmọ láti gún un lábẹ́rẹ́, ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mà, ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa. Wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀."

Fàlílátù bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí ọmọ yìí? Ibà ti gùn ún lórí. Morìnsọ́lá, fún un lóògùn ibà jàre, ká máa lọ."

Mo ṣe àyẹ̀wò ibà fún un. Kò sí ibà. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, kò sí ibà kankan lára ọmọbìnrin yẹn. Àmọ́ àwọn ìyá tó lé lógójì ló ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, Fàlílátù sì ti na ọwọ́. Mo kọ oògùn ibà sínú káàdì, mo gbé e fún wọn, mo ní kí ẹlòmíràn wọlé.

Abiyamọ ni mo bi ní ìbéèrè, ìyá ọkọ ló dá mi lóhùn, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é ní ìlú yìí nìyẹn. Abiyamọ tuntun kì í lanu sọ̀rọ̀ níwájú àgbà tó mú un wá. Ìwà ọmọlúàbí ni, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, díẹ̀ ló kù kí ìwà ọmọlúàbí pa èèyàn méjì.

Ẹ̀yìn ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bú tán ni mo tó gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọmọ lórúkọ ni oorun ti dá lójú Tẹniọlá. Kì í ṣe pé ọmọ ń jí i o. Ọmọ á sùn, ìyá á jókòó, ojú ẹ̀ á là kedere. Aṣọ ọmọ kan ṣoṣo, á fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà, á tún kó o sómi. Á dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ọ̀nà jíjìn, á wá dáhùn pé, "Mo ti gbọ́. Mo ní mo ti gbọ́!" Kò sì sí ẹni tó pè é. Á sunkún, ká tó ṣẹ́jú pẹ́ á ti máa rẹ́rìn-ín. Nígbà míì kì í fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ sún mọ́ òun. Tó bá tún yá, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ará ilé ló rí i. Gbogbo wọn ló sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnì kan ní ọkàn ẹ̀ ni ò lélẹ̀. Ẹnì kan ní ọdẹ orí ni. Obìnrin tó ń gbé yàrá iwájú ní orí ẹ̀ ti fẹ́ yí. Fàlílátù ní ibà ni, ohun tó sì sọ fún Rídwàn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù nìyẹn, torí Rídwàn ń ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ẹ̀pẹ́, ìparí ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Ìyá Tẹniọlá fúnra rẹ̀, tó wá láti Ẹ̀pẹ́ wá wẹ ọmọ fún wọn, òun náà ní ibà ni. Kíá ló sọ ọ́, ó tiẹ̀ yá a lẹ́nu ju Fàlílátù lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kí ló dé tí Fàlílátù fi ń bò ó mọ́lẹ̀? Lateefah ni, àbígbẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn àna ń bọ̀ wá mọ̀ wọ́n lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe. Kí wọ́n tó dé, wọ́n á ti rán èèyàn káàkiri àdúgbò: ṣé wọn kì í jà nílé yẹn? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé kò sí wèrè níbẹ̀? Ìbéèrè kẹta yẹn ni Fàlílátù ń sá fún.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀. Fàlílátù ti lọ kírun. Ìyá Tẹniọlá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń gbé omi ìwẹ̀ ọmọ kaná. Ìgbà tó fi máa padà wọlé, kò bá ọmọ, kò bá ìyá ọmọ. Tẹniọlá ti pọn Yasir, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ dání, ó gun ọ̀kadà, ó di Ìpakodò, létí omi.

Ọlọ́run ló ní kó bá Akínlolú níbẹ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà. Òun ló pè mí lórí fóònù.

"Mà, nọ́ńbà yín ni mo rí lẹ́yìn káàdì. Obìnrin kan wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ jòjòló."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Mi ò mọ orúkọ tó ń jẹ́, mà. Ohun tí mo rí ni mo lè sọ. Ó ní kí n gbé òun lọ sódìkejì, òun fẹ́ dá ọmọ padà fún ẹni tó ni ín. Mo ní òdìkejì ibo? Àárín omi ló nawọ́ sí, mà. Ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀. Bàtà ò sí lẹ́sẹ̀ ẹ̀."

Mo ní, "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó wọ ọkọ̀."

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa gbé e ni? Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Akínlolú ṣe, torí kò sí iléèwé tó ti kọ́ ọ. Kò pariwo. Kò ní "wèrè rèé o", kí èrò wá pé jọ, kí wọ́n máa fi fóònù ya obìnrin olóbìnrin. Ó ní, "Ó dáa, àǹtí mi, a máa lọ. Àmọ́ ọkọ̀ mi kì í gbéra láìjẹ́ pé èrò pé, láìjẹ́ pé mo kọ orúkọ èrò." Bó ṣe rí káàdì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, pé òun fẹ́ kọ orúkọ ọmọ. Ó fi jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi kọ́ ọ lọ́rùn. Ó mú un jókòó sábẹ́ agboòrùn ìyá oníbúrẹ́dì, jìnnà sí omi, ó sì ṣẹ́jú sí ìyá oníbúrẹ́dì pé kó má fi í sílẹ̀.

Bí mo ṣe gun ọ̀kadà débẹ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Mo bá Tẹniọlá nídìí agboòrùn. Yasir ń sùn lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá oníbúrẹ́dì ti fi ọwọ́ kan di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú ṣinṣin, ó ń fi ọwọ́ kejì lé eṣinṣin, bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Tẹniọlá, èmi nọ́ọ̀sì ni."

"Mo mọ̀ yín. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi dé egungun. Mo ní, "Òótọ́ ni. Má bínú sí mi. Mo ti wá báyìí. Ta ló ní kó o dá ọmọ padà?"

"Àwọn ni. Ẹ ò gbọ́ wọn ni?"

"Èmi ò gbọ́ wọn. Àmọ́ mo gbà pé ìwọ ń gbọ́ wọn. Ṣé wọ́n ń dẹ́rù bà ọ́?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Wọn ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní tí mi ò bá dá a padà, àwa méjèèjì làwọn máa mú."

Mi ò bá a jiyàn. Mi ò sọ fún un pé irọ́ ni, torí lójú tirẹ̀ kì í ṣe irọ́. Mo ní, "Jẹ́ kí n bá ọ gbé e díẹ̀. Ó ti rẹ̀ ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí, mà," ló wí. Ó fọwọ́ ara ẹ̀ tú ọ̀já, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

Mo gbé wọn dé ibi iṣẹ́ wa, mo ní kí nọ́ọ̀sì kejì jókòó tì í nínú yàrá, mo sì pe Fàlílátù. Òun àti ìyá Tẹniọlá jọ dé ni. Tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ Fàlílátù. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ìyá Tẹniọlá wọ̀, gbogbo Lásúnwọ̀n ni wọ́n ti sáré wá Tẹniọlá kiri.

Fàlílátù fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Morìnsọ́lá, bò mí láṣìírí. Bàbá kan wà lọ́nà oko tó ń tọ́jú irú ẹ̀. A ti lè débẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Wọ́n á so ó mọ́lẹ̀ kó má bàa sá, wọ́n á fún un lágbo. Kò sẹ́ni tó máa rí wa."

"Wọ́n á so ó mọ́lẹ̀? Ẹran iléyá ni?"

"Ọsibítù wèrè wá lo fẹ́ ká lọ? Kí wọ́n rí wa lẹ́nu géètì? Àwọn àna Lateefah ń bọ̀! Ta ló máa fẹ́ ọmọ nílé tí wèrè wà?"

Inú bí mi. Mo ní, "Ta ló pè é ní wèrè? Ìwọ ni! Ọjọ́rú, ibà lo pè é. Lónìí, wèrè lo pè é. Nínú méjèèjì, o ò sọ ohun tí o rí fún mi. Ká ní o sọ ọ́ ni, ọmọ yẹn kì bá tí dé etí omi. Èmi náà jẹ̀bi, mo wò ó lójú, mo kọ ibà. Àwọn ìyá wa mọ àìsàn yìí, Fàlílátù. Abísínwín ni wọ́n ń pè é. Ara ìyá yí padà lẹ́yìn ìbímọ, oorun dá, ọpọlọ dàrú. Kì í ṣe ìwà ọwọ́ ẹ̀, kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Ó léwu gan-an, kì í sì í dúró de èèyàn. Àmọ́ ó lóògùn, ó sì ń lọ pátápátá. Ọsibítù tó ní dókítà ọpọlọ là ń lọ, báyìí báyìí."

"Morìnsọ́lá, ilé mi..."

"Ẹ wò ó."

Ìyá Tẹniọlá ló sọ̀rọ̀. Ó ti kúnlẹ̀, ó sì ti fa ìró rẹ̀ sókè kúrò lọ́rùn ẹsẹ̀ ọ̀tún. Àpá kan yí ọrùn ẹsẹ̀ náà ká bí okùn, ó dúdú, ó jin.

"Alhaja, ẹ foríjì mí. Nígbà tí ẹ wá mọ̀ wá ní Ẹ̀pẹ́, ẹ bi wá bóyá irú ẹ̀ wà nínú ìdílé wa. A ní kò sí. Irọ́ la pa. Nígbà tí mo bí Tẹniọlá, ó ṣe mí, bó ṣe ń ṣe é yìí gẹ́lẹ́. Irú ibi tí ẹ ń sọ yẹn náà ni wọ́n gbé mi lọ. Oṣù méje ni mo fi wà lórí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Wọ́n ń nà mí tí mo bá sọ̀rọ̀. Ìyá mi ló ń fi ògì àti mílíìkì agolo tọ́ ọmọ."

Ó nu imú. "Ìgbà tí mo délé, Tẹniọlá ti ń rá. Mo nawọ́ sí i, ó sá lọ bá ìyá mi. Kò mọ̀ mí. Ọjọ́ yẹn dùn mí ju ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí oorun ti dá lójú ẹ̀ ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀rù ló bà mí pé ẹ máa lé e padà sílé wa. Èmi náà ni mo ní ibà ni. Alhaja, ẹ lé e tí ẹ bá fẹ́ lé e, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n so ó."

Fàlílátù wo ẹsẹ̀ yẹn títí. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìró náà sílẹ̀, ó fi bo àpá yẹn, ó sì di obìnrin náà lápá mú.

"Ẹ dìde, Ìyá Tẹniọlá," ló wí. "Morìnsọ́lá, wá ọkọ̀."

Dókítà ọ̀dọ́ kan la bá ní ọsibítù. Ó ṣí ìwé, ó ní, "Kí ló ń ṣe é?" Mo lè dáhùn, àmọ́ mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́. Mo wo Fàlílátù.

Fàlílátù sún mọ́ tábìlì. "Ibà kọ́, dókítà," ló ní. "Kò tíì sùn fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ń gbọ́ ohùn tí àwa ò gbọ́. Ó ní wọ́n ti pààrọ̀ ọmọ òun. Lónìí ó gbé ọmọ lọ sétí omi. Ọjọ́ Ọjọ́rú ló yẹ ká ti wá, èmi ni mo fi falẹ̀."

"Ó ṣe èmi tí mo bí i náà rí," ni ìyá Tẹniọlá wí.

Dókítà gbójú sókè. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ò mọ bí ohun tí ẹ sọ yìí ti ràn mí lọ́wọ́ tó."

Ìrọ̀lẹ́ ni Rídwàn dé láti Ẹ̀pẹ́, sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára ṣòkòtò ẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo ìyá ìyàwó rẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi méjèèjì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Tẹniọlá lò níbẹ̀. Wọ́n fún un lóògùn, ó sùn. Kò sẹ́ni tó so ó, kò sẹ́ni tó nà án. Wọ́n ń gbé Yasir wá bá a lójoojúmọ́, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń ṣọ́ wọn. Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ abẹ́rẹ́ tún kò. Ọjọ́rú ni. Mo gbójú sókè, mo rí wọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé o ń rí oorun sùn?" mo bi í.

Fàlílátù la ẹnu. Ó rántí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu ẹ̀ pátá, gbogbo bẹ́ǹṣì sì rẹ́rìn-ín.

"Mò ń sùn, mà," Tẹniọlá fúnra ẹ̀ dáhùn. "Mò ń lo oògùn mi. Mi ò gbọ́ wọn mọ́." Ó wá gbé ọmọ sún mọ́ mi. "Mà, ẹ wo ojú ẹ̀ dáadáa."

Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo wo ọmọ náà.

"Ó jọ bàbá ẹ̀," Tẹniọlá ní. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí, mo wọ yàrá inú lọ nu ojú mi.

Àwọn àna Lateefah ti wá. Wọ́n béèrè ìbéèrè kẹta yẹn. Fàlílátù ní, "Ìyàwó ọmọ mi ṣàìsàn ọpọlọ lẹ́yìn ìbímọ. A gbé e lọ sọ́sibítù, ara ẹ̀ ti yá. Òun náà ló gbé oúnjẹ fún yín yẹn." Wọ́n ní àwọn ń lọ jíròrò. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò tíì padà wá. Fàlílátù ní tí wọn ò bá wá, kí wọ́n jókòó sílé wọn.

Ẹ̀yin ará wa, ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, níbi yòówù tí ẹ bá wà, ẹ gbọ́ tèmi. Bí abiyamọ bá sunkún díẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ bá a gbé ọmọ, ẹ jẹ́ kó sinmi, ó sábà máa ń lọ. Bí kò bá lọ, tí ìbànújẹ́ náà bá ń pẹ́ lára ẹ̀, ẹ mú un wá. Àmọ́ bí oorun bá dá lójú ẹ̀ pátápátá, tó ń gbọ́ ohùn, tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn ò rí, tó ń sọ kántankàntan, tó ní ọmọ kì í ṣe tòun, tàbí tó ní òun fẹ́ pa ara òun tàbí ọmọ lára, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ẹ má so ó, ẹ má nà án, ẹ má sì fi ebi pa á. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà, ẹ gbà á lójú ọ̀nà ọsibítù. Bí irú ẹ̀ bá sì ti ṣe yín rí, tàbí ó ṣe ìyá yín, ẹ sọ ọ́ nígbà tí oyún ṣì wà nínú, kí wọ́n lè máa ṣọ́ yín.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí aláìsàn fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá bi yín, ẹ má fún wa ní orúkọ tí ẹ fi ń bo àṣírí. Ohun tí ojú yín rí, tí etí yín gbọ́, òun ni kí ẹ sọ. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ń kánjú kọ ibà sínú káàdì yín bí mo ti ṣe, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ ní kó gbọ́ yín tán. Èmi ò gbọ́ Tẹniọlá tán lọ́jọ́ Ọjọ́rú yẹn. Awakọ̀ ojú omi kan ló bá mi gbọ́ ọ.